Òwú lórí igbá: bí a ṣe ń mọ bí ọ̀nà bààlúù ṣe jìn tó àti wákàtí tó ń gbà

Fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti Èkó dé New York lórí máàpù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀nà tó kúrú jù gbà. Ayé rí róbótó. Aṣọ àdìrẹ Ìtòkú tí a bá fi bo igbá yóò ká kò níbì kan, máàpù náà kò sì lè bo ayé kó má yí ìrísí rẹ̀ padà. Òwú ló tọ́ ká lò: ẹ di orí rẹ̀ kan mú lójú ibì kan lára igbá, ẹ na án le dé ojú kejì. Ibi tí òwú náà gbà ni wọ́n ń wọ̀n.

Máìlì ojú omi ni wọ́n ń lò lókè, ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Ara ayé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́: ẹni tó bá dorí kọ àríwá tààrà yóò rin máìlì 60 nínú dígírì kan, ìyẹn ìdá kan nínú ọ̀nà 360 tí a pín àyíká ayé sí. Pápákọ̀ Ìkẹjà fi nǹkan bíi dígírì 6.6 jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, Heathrow ní London fi bíi 51.5 jìnnà sí i. London sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè Èkó gan-an, nítorí náà ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60, ó di máìlì 2,694, bíi kìlómítà 5,000. Ìṣirò yìí dùn mọ́ni, ọmọ iléèwé lè ṣe é lórí ìwé.

Ti àkókò ló lọ́jú pọ̀. Ìkẹjà sí Àbújá jẹ́ bíi kìlómítà 510. Bààlúù tó ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan ìbá dé kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, síbẹ̀ wákàtí kan ó lé ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀. Ìgbà tí bààlúù bá kúrò níbi tó dúró sí ni wọ́n ti ń kà á, títí yóò fi dúró pátápátá lọ́hùn-ún. Ó ń rọra rìn lọ síbi tí yóò ti gbéra, ó ń dúró de àyè, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Eré rẹ̀ kò pé nínú gbogbo wọn. London jìn tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́wàá Àbújá, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ló ń gbà.

Afẹ́fẹ́ náà ń dá sí i. Lókè Àtìláńtíìkì, ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, torí náà London sí New York ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ, ìpadàbọ̀ sí London sì ń gbà bíi méje.

Aago tún wà níbẹ̀. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa: ẹni tó gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ yóò bá aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa dọ́gba, yóò bá aago mẹ́rin àbọ̀.

Ará Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ láti fi kún un. Bí a bá na òwú láti Olúmọ dé pápákọ̀ Ìkẹjà, kò ju bíi kìlómítà 65 lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ kì í tọ òwú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó Ọ̀tà sì wà lójú ọ̀nà.