"Ike Ni, Kí Ló Fẹ́ Ṣe É?"

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Tanke, n'Ílọrin, ra káyáàkì oníke, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, wọ́n ní àwọn á máa gbé e lọ sórí Odò Ọya ní Jẹ́bà. Wọ́n gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nínú oòrùn oṣù Kẹta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ikùn ẹ̀ á bàjẹ́ o." Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n nàka sí táńkì omi lókè: "Ṣé ike kọ́ nìyẹn náà? Láti ìgbà tí a ti kọ́lé yìí ló ti ń yáàrùn!"

Ike kan náà ni lóòótọ́. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe táńkì àti ọ̀pọ̀ káyáàkì. Àmọ́ ẹ bi púlọ́ńbà yín ibi tó máa ń gbé táńkì lé: pẹpẹ tó tẹ́jú ni, tó gba gbogbo ìdí ẹ̀. Ẹ gbé táńkì kíkún lé búlọ́ọ̀kù méjì kẹ́ ẹ wá wò ó. Ike yìí kì í yọ́ àfi kí ooru kọjá 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oòrùn Ìlọrin kò sì débẹ̀ (ẹni tó bá ti dúró de mọ́tò lọ́sàn-án ní Post Office lè jiyàn). Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá yọ́. Bó bá ti gbóná, ó ń dẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá sì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan á fi ojú sí i lára.

Nígbà tá a yí káyáàkì dé, ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù méjèèjì ti tẹ̀ ẹ́ ti jìn wọnú, ọ̀kan tó àwo ìmùkọ. Lórí omi, ọ̀tún la ń wà á sí, òsì ló ń fà lọ.

Okùn tún ńkọ́? Òun náà lè tẹ̀ ẹ́ wọnú. Awakọ̀ tó gbé e lọ sódò ti dì í mọ́ kárííà orí mọ́tò bí ẹní di àpò èédú, torí ó gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Kó má ṣáà yẹ̀ ti tó. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ló yẹ, kí káyáàkì dojú dé tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí okùn di imú àti ìdí ẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá páàkì sínú oòrùn, ẹ dẹ bẹ́líìtì díẹ̀.

Oòrùn yẹn náà la fi tún un ṣe. A dojú ẹ̀ dé lọ́sàn-án, ó gbóná dáadáa, a wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í láti inú. Ojú kan padà sípò, èkejì ṣì jìn díẹ̀.

Ní báyìí, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ bàráńdà, lórí fóòmù àlòkù. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń nàka sí táńkì.