Mísà Àtijọ́ ní Èdè Látìn

Mísà àtijọ́ ní èdè Látìn ni ìlànà ìrúbọ tí àwọn Àgùdà tó ń tẹ̀lé àṣà Róòmù ń lò kárí ayé kí Póòpù Paul Kẹfà tó gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ ní 1969. Wọ́n tún ń pè é ní Mísà Trent, nítorí ìpàdé gbogbogbòò tí ìjọ ṣe ní ìlú Trent láti 1545 sí 1563, níbi tí wọ́n ti pinnu pé kí Póòpù tún ìwé Mísà tò. Ẹ̀dà ọdún 1962, tí Póòpù John Kẹtàlélógún fọwọ́ sí, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì ń ṣe é ń lò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín Mísà yìí àti ti òde òní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Látìn ni wọ́n fi kọ ojúlówó ìwé Mísà ti Paul Kẹfà náà, àlùfáà sì lè fi Látìn ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àdúrà inú rẹ̀, ibi tí àlùfáà kọjú sí, ìgbà tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ àti bí ìjọ ṣe ń gba Ara Olúwa ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó rọ̀ mọ́ àṣà àtijọ́ ti ń jà.

Ìtàn ní ṣókí

Póòpù Pius Karùn-ún kéde ìwé Mísà náà ní 14 Oṣù Keje 1570, nínú ìwé àṣẹ Quo primum. Kò ní kí gbogbo àṣà mìíràn parẹ́: ìlànà tó bá ti lò ju igba ọdún lọ lè máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ti Milan àti ti àwọn àlùfáà Dominican fi yè. Àwọn póòpù tó tẹ̀ lé e tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ní 1604, 1634, 1884 àti 1920. Pius Kejìlá yí ìsìn Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ padà ní 1955, àwọn kan nínú àwọn aláṣà àtijọ́ kò sì fara mọ́ ìyẹn pàápàá. Ní ìparí 1962 ni wọ́n fi orúkọ Jósẹ́fù Mímọ́ kún Kánọ̀n, ìyẹn àdúrà ńlá àárín Mísà.

Bí Mísà aláìlórin ṣe ń lọ

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tí kò ní orin, èyí tí àlùfáà kan ń kọ lórin, àti ti ọlọ́lá, tí díákónì àti igbákejì díákónì máa ń bá àlùfáà ṣe. Èyí tí kò ní orin ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ́ sórí pẹpẹ, ti òkè pátápátá á sì gùn dé ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àgbélébùú á wà láàárín, àbẹ́là méjì á máa jó. Bí ó bá jẹ́ ti ọlọ́lá, mẹ́fà ni. Páálí mẹ́ta tí wọ́n kọ àdúrà sí máa ń dúró lórí pẹpẹ, kí àlùfáà má bàa máa ṣí ìwé nígbà gbogbo. Aṣọ mẹ́fà ni àlùfáà ń wọ̀ léraléra, ó sì ní àdúrà tó ń gbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣọ èjìká, ẹ̀wù funfun gígùn, okùn ìgbànú, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi kọ́ apá òsì, ọ̀já ọrùn tó ń gbé kọjá ara wọn láyà, àti ẹ̀wù ìrúbọ lókè gbogbo wọn. Aṣọ apá òsì yẹn ti di ohun ìgbàgbé nínú Mísà tuntun.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹpẹ ni Mísà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á máa pín Sáàmù 42 kà láàárín ara wọn (43 ló jẹ́ nínú Bíbélì Yorùbá), àfi nínú Mísà òkú àti ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn Lẹ́ǹtì. Àlùfáà á kọ́kọ́ tẹ̀ ba jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ tó jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Kyrie, ìyẹn “Olúwa, ṣàánú”. Apá ọ̀tún pẹpẹ ni wọ́n ti ń ka Èpístélì. Lẹ́yìn náà, olùrànlọ́wọ́ á gbé ìwé Mísà pẹ̀lú àga rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ orúnkún balẹ̀ ní àárín, kó tó gun apá òsì lọ fún Ìhìn Rere. Ọmọ tuntun sábà máa ń kọsẹ̀ níbi yìí, nítorí ìwé wúwo, ẹ̀wù rẹ̀ sì gùn. Kó gbé ẹsẹ̀ kan dé orí àtẹ̀gùn kó tó gbé èkejì ni àwọn olùkọ́ máa ń sọ fún un.

Lẹ́yìn Sanctus, ìyẹn “Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́”, ohùn àlùfáà á lọ sílẹ̀ débi pé òun nìkan ló kù tó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, Nobis quoque peccatoribus (àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ pẹ̀lú), ló ń sọ sókè díẹ̀ kí Kánọ̀n tó parí, á sì lu àyà rẹ̀. Níbi ìyàsímímọ́, ó ń tẹ orúnkún balẹ̀, ó ń gbé Ara Olúwa sókè, ó tún ń tẹ orúnkún balẹ̀. Bákan náà ni fún Ẹ̀jẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ á di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, á sì máa lu agogo. Láti ìgbà yẹn, àlùfáà kò ní ya àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sọ́tọ̀ àyàfi tó bá ń mú Ara Olúwa, títí tó fi máa fọ̀ wọ́n, kí èérún kankan má bàa já bọ́.

Ìjọ ń kúnlẹ̀ gba Ara Olúwa lórí ahọ́n, àwo kékeré á sì wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹni tó ń gbà kì í dáhùn Àmín, nítorí àlùfáà ti sọ ọ́ mọ́ àdúrà. Lẹ́yìn ìbùkún, wọ́n á ka Jòhánù 1:1–14.

Àbùkù tó lè ba Mísà jẹ́

Ìwé Mísà fúnra rẹ̀ ní abala kan lórí èyí, ó sì yẹ ní kíkà ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń kà á lọ. Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àlìkámà, wáìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èso àjàrà. Wáìnì tó ti kan di ọtí kíkan kò lè di Ẹ̀jẹ̀ Olúwa. Nílẹ̀ olóoru, ìgò tí wọ́n ṣí tì lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i. Tí omi bá pọ̀ ju wáìnì lọ, ìrúbọ kò sí. Bí àlùfáà bá rí i kó tó gba Ara Olúwa pé omi lásán ló wà nínú ife, á da omi náà sínú ohun èlò mìíràn, á bu wáìnì àti omi díẹ̀, á sì tún sọ ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́ ti ife.

Àríyànjiyàn

Ìpàdé gbogbogbòò ìjọ tí wọ́n ń pè ní Vatican Kejì, nínú ìwé tó gbé jáde ní 4 Oṣù Kejìlá 1963, ní kí Látìn máa wà lọ nínú ìsìn, ó sì fàyè gba èdè ìbílẹ̀. Ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 30 Oṣù Kọkànlá 1969. Kó tó dìgbà náà, Kádínà Ottaviani àti Kádínà Bacci ti kọ̀wé sí Póòpù pé ìlànà náà yà kúrò nínú ẹ̀kọ́ Trent lórí ẹbọ Mísà. Àwọn aláṣà àtijọ́ sábà máa ń tọ́ka sí àdúrà tí àlùfáà fi ń gbé búrẹ́dì kalẹ̀ fún Ọlọ́run: ti àtijọ́ sọ̀rọ̀ ẹbọ aláìlábàwọ́n fún ẹ̀ṣẹ̀, ti tuntun ń dúpẹ́ fún búrẹ́dì tí ilẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn mú wá. Àwọn tó gbè sẹ́yìn àtúnṣe ní ìjọ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbàdúrà lé, àti pé Bíbélì tí wọ́n ń kà pọ̀ sí i: ọdún mẹ́ta ni ìwé kíkà ọjọ́ Àìkú fi ń yípo báyìí, ọdún kan ni tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn aláṣà àtijọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Marcel Lefebvre, tó ti wà ní Dakar rí, fi bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jẹ láìgba àṣẹ ní 30 Oṣù Kẹfà 1988. Róòmù kéde pé wọ́n ti yọ ara wọn kúrò nínú ìdàpọ̀ ìjọ. Àwọn àlùfáà rẹ̀ kan yapa, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Pétérù Mímọ́ sílẹ̀ lábẹ́ Póòpù lọ́dún náà. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún fún gbogbo àlùfáà láyè láti ṣe Mísà yìí ní 2007. Póòpù Francis ká a kò ní 16 Oṣù Keje 2021, ó ní àwọn kan ń fi kọ Vatican Kejì: bíṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì. Láti 2023, Róòmù nìkan ló lè yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì. Francis yọ̀ǹda fún ẹgbẹ́ Pétérù Mímọ́ ní 2022 láti máa bá tiwọn lọ.

Ní Áfíríkà

Mísà yìí ni àwọn fadá SMA, ẹgbẹ́ àlùfáà tó ń wàásù ní Áfíríkà, gbé wọ Dahomey (Benin òde òní) ní 1861, tí wọ́n sì gbé dé Èkó, níbi tí Padre Antonio, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, ti ń darí àdúrà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kí àlùfáà tó wá. Ní Gabon ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Krístì Ọba sílẹ̀ ní 1990, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ àlùfáà tó mọ Mísà yìí jù. Kádínà Arinze ọmọ Nàìjíríà ló ń ṣe olórí ọ́fíìsì ìjọsìn ní Róòmù nígbà tí Benedict gbé àṣẹ 2007 jáde. Kádínà Sarah ọmọ Guinea, tó di ipò náà mú láti 2014 sí 2021, rọ àwọn àlùfáà ní London ní 2016 pé kí wọ́n máa kọjú sí ìlà-oòrùn, ìyẹn síhà kan náà tí ìjọ kọjú sí, nínú Mísà tuntun pàápàá. Láìpẹ́, Vatican ṣàlàyé pé àṣẹ tuntun kankan kò tíì jáde.