Ìfúnpá ìyá ìkókó: kí ni wíwọ̀n ọ́n láti òkèèrè?

Ní Iléṣà, bí obìnrin bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, "ẹ kú ewu ọmọ" ni gbogbo àdúgbò ń kí i. Ewu ọ̀hún kò tíì tán o. Omi tí ara ti kó jọ nígbà oyún á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, á sì máa gòkè, pàápàá láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí. Ìyá tó bí láìsí iṣẹ́ abẹ ti sábà délé nígbà náà. Bí ilé ṣe ń sáré ata àti kánópì tí wọ́n fẹ́ háyà fún ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ, lẹ̀jẹ̀ ń ru.

Ohun tí wíwọn ìfúnpá láti òkèèrè jẹ́ kò le. Ìyá á gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sílé, á máa wọn ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, á sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á kà á, á dá a lóhùn: "ẹ máa lo oògùn yín lọ", "a ó fi kún un", tàbí "ẹ máa bọ̀ báyìí". Bí kò bá sí ẹni tó ń dáhùn, ẹ̀rọ lásán lẹ rà.

Lójú àwọn bàbá wa, ìfúnpá ni oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá. Ẹ̀rọ yìí náà ń fún apá, àmọ́ nọ́ńbà méjì ló ń mú jáde: ti òkè nígbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ nígbà tó ń sinmi. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ó ti ga. 160 tàbí 110 ti di pàjáwìrì.

Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà dán an wò lára obìnrin 206 tí ẹ̀jẹ̀ ríru yọ lẹ́nu nínú oyún. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Láàárín ọjọ́ 10 lẹ́yìn ìbí, àwọn tí wọ́n ní kó padà wá sí ọsibítù, nǹkan bí 44 nínú 100 ni wọ́n rí ìfúnpá wọn gbà. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ láti ilé, 92 ni.

Ẹni tó bá ní ìyá wa kò lè ṣe é, kó rántí Ìmèsí-Ilé. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild, ọsibítù Iléṣà níbí, ti bẹ̀rẹ̀ káàdì ìwọ̀n ọmọ ní àwọn ọdún 1950, ọwọ́ ìyá sì ni káàdì yẹn ń wà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Òkè ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 5 yìí ló nira jù nílé tí àlejò kún. Ẹ gbé ọmọ fún ìyá ọkọ, ẹ ti ilẹ̀kùn.

Títí ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí ẹ̀fọ́rí kò bá gbọ́ parasítámọ́ọ̀lù, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí wọ́n má tilẹ̀ dúró wọn nǹkan kan. Ẹ pe mọ́tò, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kó tó di pé gìrì mú un.