Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í parí ọ̀rọ̀ àyà dídùn

Mo máa ń gbọ́ ọ níbí ní Ìkòròdú: bí àyà bá ń dun èèyàn, kó yà sí lábù tó sún mọ́ ọn, kó ní kí wọ́n bá òun yẹ troponin wò, èròjà kan tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ọkàn bá farapa. Bí ìwé bá ní kò sí nǹkan, ó di ilé, ó di oògùn ọgbẹ́ inú. Bí nọ́ńbà bá ga, igbe ta: háàtì atáákì ni! Ọ̀nà méjèèjì ló lè ṣini.

Inú iṣan ọkàn ni troponin ń gbé, ó wà lára ohun tí iṣan náà fi ń sún kì. Tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá dí òpó tó ń bọ́ ọkàn (háàtì atáákì nìyẹn), iṣan ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, troponin á sì máa jò bí epo nínú kẹ́ẹ̀gì tó sán. Kì í tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó dé lábù kan ní Sábó ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ìwé rẹ̀ lè mọ́ tónítóní nígbà tí iṣan ọkàn ń kú lọ.

Àyẹ̀wò àtijọ́ lè ní kéèyàn dúró tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìgbàlódé, tó ń rí ìwọ̀n bíńtín, tó jẹ́ pé ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i, ti dín in kù gan-an. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀: bí aláìsàn bá ṣe dé, àti lẹ́yìn wákàtí kan, méjì tàbí mẹ́ta. Bóyá nọ́ńbà náà ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀ ni dókítà ń wò. Bí ìrora bá ti ju wákàtí mẹ́ta lọ tí nọ́ńbà sì kéré jọjọ, ẹ̀ẹ̀kan lè tó, ṣùgbọ́n dókítà ló ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó tẹ ìwé.

Nọ́ńbà gíga ńkọ́? Àìsàn kíndìnrín ń gbé e sókè. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró, àkóràn tó wọ ẹ̀jẹ̀, ọkàn tó ti rẹ̀, kódà eré ìje ọlọ́nà jíjìn. Ààlà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé nọ́ńbà ti ga pàápàá yàtọ̀: ẹ̀rọ kan tó gbajúmọ̀ fi 34 náánógíráàmù nínú lítà kan sí ọkùnrin, 16 sí obìnrin. (Ìwé tí kò kọ ààlà tirẹ̀ sí i, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?)

Ohun tó tiẹ̀ ṣáájú ẹ̀jẹ̀ ni ECG, wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà láti wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá téèyàn dé ọsibítù. Bó bá fi hàn pé òpó ti dí pátápátá, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í dúró de lábù.

Nítorí náà, bí àyà bá ń fún yín bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan lé e, tó ń ta dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ forí lé ọsibítù tó ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹlòmíì, pàápàá àgbàlagbà, obìnrin àti alátọ̀gbẹ, lè má ní ju kí èémí máa há a lọ. Ẹ sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa gba èkejì, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ bí àyà bá ṣì ń dùn yín.