Lílọ́ Eré sára Linux: Ẹ Yé Pè É ní Èbúté

Láìpẹ́ yìí ni mo ka ibi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé òun ti gbé eré Windows kan wọ èbúté Linux. Windows àti Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà; ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun ti mú kí eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, iṣẹ́ tí Òyìnbó ń pè ní pọ́ọ̀tì. Ó bí mi nínú, mi ò ní parọ́. Ó hàn gbangba pé ìwé atúmọ̀ èdè ló ṣí, ó rí i pé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tì, ó sì gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa gbọ́ èbúté tí ọkàn rẹ̀ á lọ sórí kọ̀ǹpútà?

Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtumọ̀ eré. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé àwọn kan wà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú eré ní tòótọ́, láti èdè Japan sí èdè mìíràn. Bí a bá ti fi ìtumọ̀ pe iṣẹ́ tiwa, kí la fẹ́ máa pe tiwọn? Àwọn tó kàn ń sọ pé àwọn ń pọ́ọ̀tì eré sàn díẹ̀ ní tiwọn, wọn ò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ nǹkan náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Lọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń lò. A lọ́ eré sára Linux. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á ti bá a pàdé nínú ìwé Róòmù orí 11, níbi tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka igi òróró ìgbẹ́ sára igi òróró gidi. Ẹnì kan ti bá mi jiyàn pé lọ́ ni ohun tí à ń ṣe sí okùn, pé ó máa da àwọn èèyàn lójú rú. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo? A ń ta ọjà, a ń ta ọfà, oyin ń ta èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ṣìnà rí. Bí "sára" bá ti tẹ̀ lé lọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ sáà ti fi àmì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń kà á á rò pé eré náà rìnrìn àjò ni.

Ẹ wo bí àwọn tó ń gbin ọsàn mímu ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbin lẹ́mọ́ọ̀nù, torí gbòǹgbò rẹ̀ le. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ bí lẹ́tà T, wọ́n á ki ojú ẹ̀ka ọsàn kan sábẹ́ èèpo yẹn, wọ́n á fi ọ̀rá wé e. Tó bá ti mú, wọ́n á gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù sọnù. Gbòǹgbò lẹ́mọ́ọ̀nù ló ń fa omi, ọsàn ló ń so lókè.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eré kọ̀ǹpútà. Àwòrán, orin, ìtàn àti òfin eré ni ẹ̀ka tó ń so. Ẹ́ńjìnnì ni gbòǹgbò: òun ló ń bá ilẹ̀, ìyẹn Windows tàbí Linux, sọ̀rọ̀, tó ń ṣí ojú fèrèsé, tó ń gbé ohùn jáde, tó ń gbọ́ bọ́tìnnì. Bí wọ́n bá ṣe eré fún Windows nìkan, lọ́pọ̀ ìgbà gbòǹgbò nìkan ni kò mọ ilẹ̀ Linux. Nítorí náà, a ó gé ẹ̀ka kúrò lórí gbòǹgbò Windows, a ó lọ́ ọ sára gbòǹgbò ẹ́ńjìnnì kan náà tó ti ń hù ní Linux. Wine, tó ti wà láti 1993, àti Proton tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2018, tí wọ́n ń mú kí eré Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux bó ṣe wà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé igi náà tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ wá ni, wọ́n sì ń bá a wá ilẹ̀ tó jọ ti ilé rẹ̀. Wọ́n wúlò, mo ń lò wọ́n, àmọ́ kì í ṣe lílọ́.

RPG Maker MV, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe eré, tó jáde ní 2015, ló rọrùn jù láti fi hàn yín. Game.exe tí ẹ ń rí níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju NW.js, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń gbé eré náà ṣiṣẹ́, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Gbogbo ohun tí ẹni tó ṣe eré fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà nínú fódà www. Ẹ lọ gba NW.js ti Linux, ẹ tú u, ẹ kó www àti package.json sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tó ń jẹ́ nw, ẹ tẹ ./nw. Ó tán.

Ti Doom, eré id Software ti 1993, yàtọ̀ díẹ̀. John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó dá id Software sílẹ̀, gbé kóòdù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ síta ní December 1997, ti Linux ló sì gbé síta, torí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni apá tó ń gbé ohùn jáde nínú ti DOS, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Doom jáde fún. Níbi tí ẹni tó ni eré kò bá ti fi kóòdù sílẹ̀, àwọn èèyàn máa ń hu gbòǹgbò tuntun fúnra wọn: ScummVM ti ń ṣe é fún àwọn eré ilé-iṣẹ́ LucasArts láti 2001, FNA ń ṣe é fún àwọn eré tí wọ́n fi XNA, ohun èlò ìkọ-eré ti Microsoft, kọ. Lílọ́ ni gbogbo rẹ̀ lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó ń dùn mí. Wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí ní aláìbófinmu, torí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni eré ló ṣe é. Irọ́ ni! Àdáṣe ni kí ẹ pè é. Kóòdù Doom di ọ̀fẹ́, àmọ́ fáìlì WAD tí àwòrán àti ìpele eré wà nínú rẹ̀ kò di ọ̀fẹ́, owó la fi ń rà á. Ẹni tó ra eré, tó lọ́ ọ fúnra rẹ̀, tí kò pín in kiri, kí ló jí? Ẹ má sì pe èyí tó ti mú ní eré ìbílẹ̀ Linux mọ́, nítorí pé native ni Òyìnbó ń pè é. Ayò àti òkòtó ni eré ìbílẹ̀. Ẹ sọ pé ó ta gbòǹgbò ní Linux.

Ohun tó sábà máa ń pa ìlọ́ ni lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Bákan náà ni méjèèjì lójú Windows, Linux kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo lọ́ eré MV kan lóṣù tó kọjá: orin dún, mo rìn títí dé ilé kejì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó kọ "Failed to load: img/pictures/Ilekun.png". Mo ṣí fódà, ilekun.png ló wà níbẹ̀. Mo yí i padà, mo tún wọlé, yàrá kejì tún dá mi dúró. Fáìlì mọ́kànlá ni mo tún orúkọ wọn kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n tó rí ẹ̀yìnkùlé ilé náà, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń dúró de ẹni tó máa bá a pọn omi.