Òfin ìbọn àdáni fún àwọn sójà Amẹ́ríkà

Òfin ìbọn àdáni ló ń sọ ibi tí sójà Amẹ́ríkà lè tọ́jú ìbọn tó fi owó ara ẹ̀ rà sí, ìgbà tó lè gbé e jáde àti ẹni tó máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Níta géètì bárékè, òfin ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ ló de sójà bó ṣe de gbogbo ará ìlú, àmọ́ tó bá ti wọlé báyìí, ohun tí kọmándà ibẹ̀ bá sọ labẹ gé.

Fún ọmọ ogun orí ilẹ̀, ìlànà AR 190-11 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Sójà tó ń sùn sí bárékè ò gbọ́dọ̀ tọ́jú ìbọn sínú yàrá ẹ̀, ó máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni, á wá gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣọ́ yàrá ìbọn yúníìtì ẹ̀, wọ́n á tì í pa lọ́tọ̀ sí ìbọn ìjọba, ọta náà á wà láyè tiẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣọdẹ ní wíkẹ́ńdì, á kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ kọmándà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́ fún un, tó bá sì ti dé, kó dá a padà ni. Nígbà ogun Iraq àti Afghanistan, àwọn tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ ò tiẹ̀ lè mú tiwọn dání rárá, General Order 1, ìyẹn àṣẹ tí àwọn ọ̀gá ológun pa fún àwọn tó lọ sójú ogun, ti fòfin dè é.

Òfin Lautenberg ti 1996 tún le jùyẹn lọ: ẹni tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́, títí kan èyí tí ìjọba gbé fún un láti fi ṣiṣẹ́.

Ní November 5, 2009, Nidal Hasan tó jẹ́ dókítà ológun fi ìbọn tó rà fúnra ẹ̀ nílùú Killeen pa èèyàn 13 ní bárékè Fort Hood, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tó di July 2015, wọ́n tún pa ológun 5 nílùú Chattanooga, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, làwọn èèyàn bá ń béèrè pé kí ló dé tí sójà ò lè gbé nǹkan tó máa fi gba ara ẹ̀ là. Ní November 2016, Pentagon, ìyẹn iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, gbé ìlànà 5210.56 jáde, tó ní kọmándà tí ipò ẹ̀ ò kéré sí ti lieutenant colonel lè fọwọ́ sí i kí ẹni tó bá ti pé ọdún 21 gbé ìbọn ara ẹ̀ nínú bárékè, àmọ́ kò di dandan kó fọwọ́ sí i.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti gbẹgẹ́ jù ni ti àwọn sójà tó ń gbẹ̀mí ara wọn, torí ìbọn lọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, tiwọn gan-an ló sì sábà máa ń jẹ́. Òfin ìnáwó ológun ti 2011 ò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá béèrè nípa ìbọn tí sójà ní sílé níta bárékè, ìyẹn ká ọ̀gá tó rí i pé ọkàn ọmọ ogun òun ò balẹ̀ lọ́wọ́ kò. Wọ́n tún un ṣe nínú ti 2013, kọmándà àti dókítà ọpọlọ wá lè béèrè tí wọ́n bá ní ìdí láti bẹ̀rù. Ní 2023, ìgbìmọ̀ kan tí Lloyd Austin, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, gbé kalẹ̀ dábàá pé kí wọ́n má ta ìbọn fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 25 nínú ṣọ́ọ̀bù bárékè, kí ẹni tó bá sì rà á dúró fún ọjọ́ 7 kó tó gbà á. Austin gba ọ̀pọ̀ nínú àbá wọn wọlé, ṣùgbọ́n kò gba méjèèjì yìí.