Gésérì

Gésérì jẹ́ ìlú àtijọ́ ní ilẹ̀ Kénáánì. Àwókù rẹ̀ wà lórí òkìtì kan ní Ísírẹ́lì òde òní, nǹkan bí 30 kìlómítà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Òkìtì náà tó hẹ́kítà 13, níbi tí ilẹ̀ olókè ti ń tẹ́ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Íjíbítì lọ sí Síríà gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Jerúsálẹ́mù ti yà. Ẹni tó bá di Gésérì mú ti di oríta náà mú, ìyẹn ni ogun kì í fi í jìnnà síbẹ̀.

Orúkọ

Gazru ni wọ́n pe ìlú yìí nínú àkọsílẹ̀ Asíríà, Gazara lẹ́nu àwọn Gíríìkì, Tell Jezer lẹ́nu àwọn Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí orúkọ náà ti wá jẹ mọ́ gígé tàbí pípín. Ní 1871, Charles Clermont-Ganneau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí orúkọ Tell Jezer nínú ìwé òpìtàn Lárúbáwá kan, Mujir al-Din, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni Gésérì wà. Ní 1874 ló rí ẹ̀rí: ara àpáta kan nítòsí òkìtì náà ni wọ́n fín “ààlà Gésérì” sí lédè Hébérù, pẹ̀lú orúkọ Alkios lédè Gíríìkì. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti rí lẹ́yìn náà ju mẹ́wàá lọ. Kò wọ́pọ̀ kí ilẹ̀ ìlú tó ti run fúnra rẹ̀ dárúkọ ìlú náà báyìí.

Ìtàn

Ní nǹkan bí 1600 ṣáájú ìbí Kristi (Ṣ.K.), àwọn ará ìlú náà to òkúta gàǹgà mẹ́wàá nàró láti àríwá sí gúúsù, àwọn kan nínú wọn ga ju mítà 3 lọ. Àwọn kan ní ibi ìbọ ni, àwọn mìíràn ní ibi ìmùlẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú ni.

Thutmose III ti Íjíbítì ka Gésérì mọ́ àwọn ìlú tó ṣẹ́gun, nínú àkọlé tó wà ní tẹ́ńpìlì Karnak ní Íjíbítì. Ní ọ̀rúndún 14 Ṣ.K., abẹ́ Íjíbítì ni ọba rẹ̀, Milkilu, wà, àwọn lẹ́tà wàláà amọ̀ tí wọ́n rí ní Amarna, ní Íjíbítì, sì fi bí nǹkan ṣe rí hàn. Nínú ọ̀kan, Fáráò pàṣẹ kí ó fi obìnrin agbọ́tí 40 ránṣẹ́, àwọn tó rẹwà gan-an, ó sì dá ṣékélì fàdákà 40 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú òmíràn, Milkilu ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Fáráò gba òun lọ́wọ́ àwọn ʿApiru, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ aṣíkiri tó ń dá ìlú láàmú. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi kẹ̀kẹ́ ogun ránṣẹ́ wá kó àwọn, kí àwọn ìránṣẹ́ àwọn má baà pa àwọn. Ní òpin ọ̀rúndún 13 Ṣ.K., Merneptah kọ ọ́ sára òkúta pé òun ti kó Gésérì.

Bíbélì sọ pé ẹ̀yà Éfúráímù kò lé àwọn ará Kénáánì kúrò níbẹ̀ (Jóṣúà 16:10), pé Fáráò kan ló wá dáná sun ìlú náà, tó sì fi ta ọmọbìnrin rẹ̀, aya Sólómónì, lọ́rẹ, tí Sólómónì sì tún un kọ́ (1 Ọba 9:15-17). Tiglath-Pileser III ti Asíríà gbà á ní ọ̀rúndún 8 Ṣ.K.; Símónì, ọ̀kan nínú àwọn Mákábì, ìdílé Júù tó ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn ọba Gíríìkì, náà gbà á ní nǹkan bí 142 Ṣ.K.

Ìwalẹ̀

R. A. S. Macalister, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló kọ́kọ́ walẹ̀ níbẹ̀, láti 1902 sí 1905 àti láti 1907 sí 1909. Yàrà tó fẹ̀ tó mítà 12 ló ń gbẹ́ kanlẹ̀ dé orí àpáta, á sì fi erùpẹ̀ èyí tó ń gbẹ́ lọ́wọ́ dí èyí tó ti gbẹ́ tán. Òun nìkan ni ọ̀mọ̀wé láàárín ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Nǹkan ìgbà kan bá dà pọ̀ mọ́ ti ìgbà mìíràn. Àwọn awalẹ̀pìtàn Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1964 sì ka ìpele ilẹ̀ 26, èyí tó ju iye tí Macalister rí lọ fíìfíì.

Síbẹ̀, ohun tí ìwalẹ̀ rẹ̀ mú jáde kì í ṣe kékeré. Ní 1908 ni wọ́n rí wàláà òkúta ẹfun kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ti ọ̀rúndún 10 Ṣ.K., tó to iṣẹ́ oko ọdún kan: oṣù méjì ìkójọ, méjì ìfúnrúgbìn, méjì ìfúnrúgbìn ìkẹyìn, ọ̀kan gígé ọ̀gbọ̀, ọ̀kan ìkórè ọkà bálì, ọ̀kan ìkórè àti ìwọ̀n, méjì ìtọ́jú àjàrà, ọ̀kan èso ẹ̀ẹ̀rùn. Istanbul ló wà báyìí.

Macalister ya àwòrán ilé kan tó pè ní ilé olódi àwọn Mákábì. Ní 1958, Yigael Yadin, awalẹ̀pìtàn ọmọ Ísírẹ́lì, wo àwòrán náà, ó sì rí i pé ìdajì ẹnubodè oníyàrá mẹ́fà ni, irú èyí tó wà ní Hásórì àti Mẹ́gídò, àwọn ìlú àtijọ́ méjì mìíràn níbẹ̀. Ìwalẹ̀ tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ó tọ̀nà, àmọ́ àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ti ìgbà Sólómónì ni.

Ihò omi ńlá tí wọ́n gbẹ́ gẹ̀rẹ́ wọ inú àpáta, tí ẹnu rẹ̀ ga tó mítà 7, ní àríyànjiyàn tó tún le ju ìyẹn lọ. Àwọn kan ní àwọn ará Kénáánì ló gbẹ́ ẹ ṣáájú 1500 Ṣ.K., àwọn mìíràn ní lẹ́yìn wọn ni. Erùpẹ̀ ẹnu ihò náà ló yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ yìí, Macalister sì ti kó o kúrò.